Omi Tí Ẹ Bù Lọ Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa, tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ ní Igbókòdá

 

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ mi, ẹ̀rín ló pa mí. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní Fọ́ọ̀mù Tíríì mọ̀ pé 12 nínú 100 ni mo gbà nínú Báyọ́lọ́jì ní táàmù àkọ́kọ́. Olùkọ́ wa tí wọ́n jókòó síwájú yìí ló kọ ọ́ sínú ìwé èsì mi pé, ‘Yóò ṣe dáadáa bí ó bá lè dẹ́kun ọ̀rọ̀ sísọ.’ Sà, n kò tíì dẹ́kun o. Ọ̀rọ̀ sísọ gan-an ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi báyìí. Iṣẹ́ mi ni kí n kó onímọ̀ oríṣiríṣi jọ sídìí ìwádìí kan ṣoṣo, kí n sì rí i pé wọn kò tú ká kí èsì tó jáde. Biotechnology ni wọ́n ń pe irú ìwádìí náà.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Kí a tó bí wa ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe é. Bí wọ́n bá rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ló ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ló ń mú kí ẹ̀gẹ́ rọ̀, tí ó ń kan, tí oró inú rẹ̀ sì ń dín kù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á gbé e sórí ààrò kí iná àti èéfín gbẹ ẹ́. Púpurú dé nìyẹn. Biotechnology kò ju pé kí ènìyàn lo ohun abẹ̀mí láti ṣe ohun tó wúlò. Àwa ará yunifásítì kàn fẹ́ mọ orúkọ kòkòrò náà, ohun tó ń jẹ, àti bóyá a lè rán an níṣẹ́ mìíràn ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo púpurú kan náà. Onímọ̀ bakitéríà yóò rí kòkòrò. Onímọ̀ kẹ́míkà yóò rí oró. Ẹnjiníà yóò rí ààrò tí ń jẹ igi lájẹjù. Dókítà yóò rí èéfín tó ń wọ ojú ìyá wa. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé yóò bèèrè pé èló ni wọ́n ń tà á lọ́jà. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn, kò sì sí ẹni tó rí gbogbo rẹ̀ tán. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa ní yunifásítì ni bí a ṣe ń kó ọwọ́ jọ.

Ìtàn tèmi

Ní January 1998, páìpù tí ń gbé epo rọ̀bì láti Idoho, lójú òkun Akwa Ibom, bẹ́. Nǹkan bí 40,000 àgbá epo ló dà sínú òkun, ìgbì sì gbé e wá sí ìwọ̀-oòrùn títí dé Èkó. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹni tó wà láàárín Akwa Ibom àti Èkó: àwa ni.

Ní 2004, yunifásítì kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, rí owó gbà láti wá àwọn bakitéríà tí ń jẹ epo rọ̀bì nínú ẹrẹ̀ etí omi wa. Àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀: èmi tí mo jẹ́ onímọ̀ bakitéríà, onímọ̀ kẹ́míkà, onímọ̀ ẹja, onímọ̀ ọrọ̀-ajé àgbẹ̀, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, àti amòfin kan. Wọ́n fi mí ṣe alákòóso nítorí pé mo gbọ́ èdè Ìlàjẹ. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo mọ iṣẹ́ àkóso.

A lọ sí abúlé kan ní ìkangun omi. Ìyá àgbà kan tó ń yan ẹja níbẹ̀, tó mọ màmá mi, gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn ló fún wa ní ibi tí a gbé ẹrù sí. Àwọn ló bá wa wá ọlọ́kọ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n bèèrè. Wọ́n ní, ‘Ọmọ mi, ìgbà mìíràn wà tí ẹja tí mo ń yan máa ń rùn epo, tí àwọn oníbàárà á sì dá a padà. Bí ẹ bá rí ohun tó wà nínú omi yẹn, ẹ wá sọ fún mi.’ Mo ní, ‘Ìyá, oṣù mẹ́ta péré, a ó padà wá.’

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dé ojú omi náà ni ìjà bẹ̀rẹ̀, ìgò ló sì fà á. Onímọ̀ kẹ́míkà ní ìgò dígí ni kí a fi bu omi, nítorí epo máa ń lẹ̀ mọ́ ara ike. Ó sì fẹ́ kí a kán ásíìdì sí i, kí bakitéríà má bàa jẹ epo inú rẹ̀ tán kí a tó délé. Èmi ní áà, àwọn bakitéríà tí ásíìdì fẹ́ pa yẹn gan-an ni mo wá! Inú ìgò tí a ti bọ̀ tí kò sí kòkòrò kankan nínú rẹ̀ ni kí a bù ú sí, kí a sì gbé e sórí yìnyín. Ibi tí a ti ń jiyàn ni onímọ̀ ẹja ti da ẹja rẹ̀ sínú fọ́málíìnì. Fọ́málíìnì kì í jẹ́ kí ẹran ara rà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ba DNA inú rẹ̀ jẹ́. Omi kan náà la dúró lé, ohun tó sì jẹ́ ìgbàlà fún ẹnì kan, ìparun ló jẹ́ fún ẹnì kejì. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀. A kò jókòó sọ ọ́ kí a tó kúrò nílé ni.

Èkejì ni ti aago. A ti kọ ọ́ sínú ìwé ètò wa pé agogo mẹ́wàá àárọ̀ la ó máa bu omi lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ọlọ́kọ̀ wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Ọ̀gá, omi tí ẹ bù níjẹta, òkun ló ń wọlé nígbà yẹn. Èyí tí ẹ ń bù yìí, odò ló ń jáde. Omi méjì ni.’ Ẹ̀yin ọmọ omi, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Wíwọlé àti jíjáde òkun máa ń fi bí 50 ìṣẹ́jú pẹ́ sí i lójoojúmọ́, kò sì mọ aago wa rí. Èmi tí wọ́n bí sórí omi gbàgbé rẹ̀ nítorí pé mo ti ka ìwé. Ó yẹ kí ọkùnrin yẹn ti wà lára ìgbìmọ̀ wa. Awakọ̀ la pè é, owó ọkọ̀ nìkan la sì san fún un.

Ti owó, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àpò ẹ̀ka kan ni gbogbo rẹ̀ wà, àwọn tó kù sì ń tọrọ owó ara wọn bí ẹni ń tọrọ iyọ̀. Kí wọ́n tó buwọ́ lùwé fún onímọ̀ ẹja, ìgbà ẹja tó fẹ́ mú ti kọjá.

Lẹ́yìn náà ni Kérésìmesì dé. Iná lọ, díísù tán nínú jẹnẹrétọ̀, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti rin ìrìn-àjò lọ sílé. Nígbà tí a wọlé ní January, òórùn fíríísà ló kí wa lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ohun tí a bù láti Ìlàjẹ ti bàjẹ́. Ní ti ìwọ̀nba èsì tó ṣẹ́ kù nínú ìwé, a jà lórí orúkọ ta ni yóò ṣíwájú, títí ó fi di ohun tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ jáde mọ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo pàdé ìyá náà lọ́jà Igbókòdá níbí. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n bèèrè àwọn ọmọ mi, wọ́n wá ní, ‘Ọmọ mi, omi tí ẹ bù lọ ńkọ́?’

Mo ní, ‘Ìyá, a ṣì ń wò ó.’

Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀yin olùkọ́ mi, níwájú yín ni mo ti ń sọ ọ́: mo purọ́ fún ẹni tó tó ìyá mi, nítorí ojú ń tì mí láti sọ pé a ti sọ omi wọn nù.

Ibi tí mo ti lọ kọ́gbọ́n

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo àwọn tó ṣe tiwọn tó yọrí. Ẹ jẹ́ kí n mú méjì tó sún mọ́ wa.

Àkọ́kọ́ ni IITA ní Ìbàdàn. Ilé ìwádìí ni, kì í ṣe yunifásítì, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kàn wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan tí ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu wọ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì ń run oko láti Kóńgò títí dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n wá ọ̀tá rẹ̀ lọ sí ilé rẹ̀. Ní 1981, wọ́n rí agbọ́n kékeré kan ní Paraguay tí ń pa á. Wọ́n kọ́kọ́ gbé agbọ́n náà lọ sí ìlú òyìnbó fún àyẹ̀wò, kí ó má bàa kó àrùn mìíràn wọlé. Wọ́n sìn ín ní Ìbàdàn títí ó fi pọ̀, wọ́n wá tú u sílẹ̀ sínú oko láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Ẹ wo iye ọwọ́ tí agbọ́n kan gbà kọjá! Iṣẹ́ alákòóso ni pé kí ọwọ́ kan má jù ú sílẹ̀ kí ọwọ́ kejì tó gbá a mú.

Èkejì ni Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ. Ní July 2014, ọkùnrin kan gbé Ẹ̀bólà wọ Èkó. Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kò jẹ́ kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn wọn, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Yàrá àyẹ̀wò LUTH àti ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ní Redeemer's ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ẹ̀bólà ni. Àwọn mìíràn ń lọ láti ilé dé ilé láti wá àwọn tó ti sún mọ́ aláìsàn. Ènìyàn 20 ló kó o, 8 kú, nígbà tó sì di October 20 ọdún kan náà, wọ́n kéde pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ṣé ẹ rò pé ọjọ́ tí àrùn dé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ara wọn? Rárá o. Wọ́n ti ń bá ilé ìwòsàn Irrua ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó ṣiṣẹ́ lórí ibà Lassa ṣáájú. Àdéhùn ti wà nílẹ̀ kí wàhálà tó dé. Nígbà tí Kòrónà wá dé ní 2020, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ka àkọsílẹ̀ inú kòkòrò náà ní oṣù March, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà.

Bí a ṣe tún un ṣe

Ní 2016, a tún rí owó díẹ̀, ní yunifásítì mìíràn. Mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé a ò ní fọwọ́ kan ìgò kankan títí a ó fi jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n kùn, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó. Ohun tí a fi ẹnu kò sí nìwọ̀nyí.

Èkíní, àdéhùn tí a kọ sílẹ̀: ta ni yóò bu kí ni, sínú ìgò wo, nígbà tí òkun bá ń wọlé tàbí nígbà tó bá ń jáde, àti orúkọ ta ni yóò ṣíwájú nínú ìwé wo. A kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé ta ló ni ohun tí a bá rí. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré. Ní 1980, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, adájọ́ 5 sí 4, dá a pé ènìyàn lè gba ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí kòkòrò abẹ̀mí tí ó bá ṣe àtúntò rẹ̀. Ẹ mọ irú kòkòrò tó fa ẹjọ́ náà? Bakitéríà tí ń jẹ epo rọ̀bì ni, tí Ananda Chakrabarty ṣe nígbà tó ń ṣiṣẹ́ fún General Electric. Bí ẹnì kan bá mú irú rẹ̀ jáde lọ́la láti inú ẹrẹ̀ wa, kí ni yóò kan ọmọ Ìlàjẹ? Ní 2010, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Nagoya, ní Jàpáànù, pé ẹni tó bá mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ onílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàyè, kí ó sì pín èrè rẹ̀. Amòfin wa tí a kò rí iṣẹ́ fún ní 2004, òun ló ṣiṣẹ́ jù ní 2016.

Èkejì, a gba alákòóso tí kò sí lẹ́yìn ẹ̀ka kankan. Obìnrin kan ni, tó ti ṣiṣẹ́ báńkì rí. Kò ní oyè dókítà, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sì kọ́kọ́ ń wò ó tìka-tẹ̀gbin. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ọjọ́ kẹrìnlá ni ìròyìn yóò dé, ọjọ́ kẹrìnlá náà ni.

Ẹ̀kẹta, owó wà ní àpò tirẹ̀, owó díísù ni a sì kọ́kọ́ ń yọ sọ́tọ̀ kí a tó san owó ìrìn-àjò ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹrin, gbogbo ohun tí a bá bù, a ó pín in sí méjì, ìlú méjì, fíríísà méjì, kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin.

Ẹ̀karùn-ún, ọlọ́kọ̀ àti àwọn ìyá tí ń yan ẹja jókòó nínú ìgbìmọ̀, wọ́n sì ń gba owó ìjókòó bí àwa náà.

Ẹ̀kẹfà ló ṣòro jù fún àwa ọ̀mọ̀wé: èsì yóò kọ́kọ́ padà sí abúlé kí ó tó lọ sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀.

Kí wá ni a rí? Ohun tí a rí bá ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti rí káàkiri ayé mu. Bakitéríà tí ń jẹ epo wà nínú ẹrẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n wọ́n nílò afẹ́fẹ́, wọ́n sì nílò ohun tí ajílẹ̀ ń fún ewéko. Nínú ẹrẹ̀ jíjìn tí kò sí afẹ́fẹ́, ṣàṣà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, epo tó bá rì síbẹ̀ sì lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ní kí a dà ajílẹ̀ sí i, nítorí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní etíkun Alaska lẹ́yìn tí epo dà níbẹ̀ ní 1989. Onímọ̀ ẹja ló fo dìde! Ó ní, ‘Ìwọ ọmọ Ìlàjẹ, ṣé o ti gbàgbé ewé orí omi ni?’ Wọ́tà háyásíǹtì ló ń wí, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní odò Àgbádárìgì ní 1984, tó sì ti dí ojú omi wa pa kí 1990 tó dé. Bí a bá da ajílẹ̀ sínú odò tí kò níyọ̀ nígbà òjò, ewé náà la bọ́. Ká ní èmi nìkan ni mo wà nídìí iṣẹ́ náà, mi ò bá ti fi ọwọ́ ara mi dí ọ̀nà ọkọ̀ àwọn ará ilé mi.

Ní ti ẹja tí ń rùn, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ló rí ìdí apá kan rẹ̀. Òun ló bá àwọn ìyá jókòó nídìí ààrò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó rí i pé yàtọ̀ sí epo inú odò, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tí ń jò máa ń wà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú agbọ̀n ẹja. Kì í ṣe gbogbo òórùn náà nìyẹn, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn dá dúró ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni.

A padà sí abúlé náà, a ka èsì fún wọn ní èdè wa. Ìyá náà ti kú kí a tó dé. Ọmọ wọn obìnrin ló jókòó sídìí ààrò. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó ní, ‘Màmá máa ń bèèrè yín.’ N kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ohun tí mo bẹ̀ yín fún

Nígbà tí a ń jáde ní 1986, kò sí yunifásítì kankan ní ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ wa. FUTA ní Àkúrẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, ni à ń wò lókèèrè. Lónìí, yunifásítì tí a fi orúkọ olóògbé Olúṣẹ́gun Agagu sọ wà ní Òkìtìpupa nítòsí wa níbí. Òkun sì ń jẹ Ayétòrò lójú wa. Ní 2020, kànga epo Ororo gbiná lójú òkun wa, ó sì jó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn oníwàádìí yóò máa wá bu omi wa. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ta ni yóò máa bi wọ́n léèrè.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mo bẹ ẹgbẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí a tún lábù ilé-ìwé wa ṣe, pẹ̀lú fíríísà tí ń lo iná oòrùn, kí sáńpù tó bá kúrò lójú omi rí ibi sinmi lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ báyìí máa wọn iyọ̀ inú omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé kan. Kò gba owó púpọ̀, yóò sì wúlò fún gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ ní ìwé kan tí gbogbo oníwàádìí yóò buwọ́ lù kí ó tó wọ ọkọ̀ wa: orúkọ rẹ̀, ohun tó bù, ọjọ́ tí yóò padà wá jẹ́ wa níṣẹ́. Mo ti buwọ́ lu tèmi, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé.

Sà, ẹ fún mi ní 12 nígbà yẹn, ẹ sì ṣe dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ fún mi ní máàkì lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró títí ẹ ó fi gbọ́ pé ìwé yẹn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí èyí jẹ́ àpéjẹ ìkẹyìn wa. Ọ̀nà omi yóò dán fún oníkálukú.